Ọdún Tí A Fi Ewé Ìpín Tún Ẹrù Ìyàwó Sìkírá Ṣe

Ìwọ ọmọ yìí, gbé fóònù yẹn kalẹ̀ ná. Mo ti rí i. Obìnrin kan gbé àga àtijọ́, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ láyé. O ní kí n wá wo nǹkan tuntun. Kò sí ohun tó tuntun níbẹ̀. Mú bírò, kí o kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀. Èmi kò mọ̀wé, ìyá mi náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n a tún àga àtijọ́ ṣe nínú agboolé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí kí wọ́n tó bí ìyá ẹ, kì í sì í ṣe eré la fi ṣe. Bí mo bá sọ̀rọ̀ jù, má gé e kúrò. Bí mo bá dákẹ́, dúró dè mí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà ni. Bàbá mi ti kú nígbà òjò ọdún tó ṣáájú. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, wọ́n máa ń kó aṣọ lọ sí Òkè Ọya, wọ́n á sì kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ pálọ̀ wa mọ́ àga onítìmùtìmù tí ẹni tó bá jókòó sínú ẹ̀ á rì dé ìbàdí. Nígbà tí a ṣe àdúà fún bàbá mi tán, àwọn ẹbí pe Alfa, wọ́n sì pín ogún bí ẹ̀sìn ṣe ní kí wọ́n pín in. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni wọ́n gbé fún un. Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ni mo fi rí i, ohun tí ojú ọmọdé sì rí ni pé àwọn ọkùnrin wọlé, wọ́n ń gbé àga jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ àga ló ń ṣáájú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ibi tí àwọn àga náà jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́ mọ́ yàtọ̀ lára sìmẹ́ǹtì, bí ara ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì kúrò lójú egbò ẹ̀. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n lọ mú ẹní, wọ́n tẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní la ti ń jẹun, orí ẹní la ti ń gbàlejò.

Agboolé wa kì í dákẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé kan dé èkejì, a ó máa gbọ́ bí garawa ṣe ń kan ara wọn létí kànga. Gaàrì ni ìyá mi ń ṣe tà. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan wà lára gbogbo aṣọ wa, títí dé èyí tí a fi ń kírun Jímọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bó ẹ̀gẹ́, kí n pọn omi, kí n sì lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gaàrì. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà lẹ́yìnkùlé nídìí ààrò tiwọn, wọ́n ń yan ekùrọ́, wọ́n ń yọ àdín. Láràárọ̀ ni ọwọ́ Ìyá Àgbà ń dán. Wọ́n gbà pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí kò fẹ́ àdín. Wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, wọ́n fi ń ra orúnkún ara wọn, wọ́n fi ń pa ìdè ilẹ̀kùn tó bá ń dún, wọ́n tiẹ̀ ti fi pa ìwo àgbò wa rí nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Bí mo bá gbóòórùn àdín lónìí, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo máa ń rí, pẹ̀lú èéfín, àti Ìyá Àgbà tí wọ́n ń bá iná wí pé kó jó dáadáa tàbí kó kú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Sìkírá. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó mọ gaàrì yan ju ìyá mi lọ. Ní ọdún náà ni ìdílé oníṣòwò kan ní apá kejì ìlú wá tọrọ ẹ̀ fún ọmọ wọn tó ń ránṣọ. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì sí ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti ń ronú ẹrù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọkọ̀ lẹ fi ń kó ẹrù ìyàwó, ẹ ó sì ta tapólì bò ó. Nígbà tiwa, orí ni wọ́n fi ń rù ú. Ọjọ́ kejì yìgì, àwọn obìnrin àti ọmọdé á tò láti ilé bàbá ìyàwó títí dé ilé ọkọ, gbangba ojú títì ni wọ́n á gbà. Ìkòkò lórí ẹnì kan, abọ́ tánganran lórí ẹlòmíì, odó, ẹní, àpótí aṣọ, lẹ́yìn náà àga, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó jókòó níwájú ilé á máa wò ó, wọ́n á máa dárúkọ ẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ìkòkò àti odó kò jẹ́ ìṣòro wa. Ṣùgbọ́n ìyàwó láti ilé oníṣòwò aṣọ, kí ó máa lọ láìní àga kan, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ pé ilé náà ti tú.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn èèyàn ń gbà ṣe é. Wọ́n á yá a. Ìyá Gbọ́lá tó wà lójúlé kejì sí wa ní kọ́bọ́ọ̀dù oníjíngí kan, tó ń kọ mọ̀nà. Ẹni tó bá ń mú ọmọ fún ọkọ á wá bẹ Ìyá Gbọ́lá, wọ́n á ru kọ́bọ́ọ̀dù náà gba ojú títì kọjá, nígbà tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gbà á padà ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Gbọ́lá ti lọ sílé ọkọ ju obìnrin èyíkéyìí lọ ládùúgbò wa. Nítorí náà, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí Ìyá Gbọ́lá fúnra wọn wọlé, tí wọ́n jókòó lórí ẹní wa.

Wọ́n ní, "Ìyá Sìkírá, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Kọ́bọ́ọ̀dù mi ń bẹ nílẹ̀. Ó mọ ọ̀nà."

Ìyá mi dúpẹ́, wọ́n dúpẹ́ dáadáa, nítorí inú rere ni obìnrin náà fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, "Nígbà tí wọ́n mú mi wá sínú ilé yìí, àga méjì ni mo bá wá. Kò pẹ́, wọ́n wá gbé e padà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo dúró sí tí mò ń wò ó, ìyá ọkọ mi náà ń wò mí. Sìkírá kò ní dúró bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wọlé ọkọ ẹ̀, tiẹ̀ ni." Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, wọ́n ń pa ekùrọ́. Òkúta tó wà lọ́wọ́ wọn dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Gbọ́lá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ìyá mi rántí pé kọ́bọ́ọ̀dù òun kò ní rìnrìn-àjò kankan títí di ìgbà náà.

Ẹnì kan tó ń ra gaàrì lọ́wọ́ wa ló sọ pé ìdílé tíṣà kan ní Ìbẹfun fẹ́ kó lọ sí Ìbàdàn, pé wọn kò ní kó àwọn ẹrù àtijọ́ wọn dání. Èmi àti ìyá mi la lọ. A bá àwọn ẹrù náà lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé: àga alápá méjì, tábìlì kan, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ti já sílẹ̀, tí adìẹ sì ń yé sínú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àga náà kò ní ẹsẹ̀ kan, ó fara ti ògiri bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ìyàwó tíṣà ní òun ti fẹ́ kí wọ́n là wọ́n fi dáná.  Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná ha abẹ́ tábìlì, wọ́n tutọ́ sí ojú ibẹ̀, wọ́n fi ìka nù ún. Lábẹ́ ìdọ̀tí dúdú náà, igi ìrókò ló yọjú. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà, wọ́n sì tètè tún un ṣe kí ìyàwó tíṣà tó rí i. Gaàrì la fi ṣe pàṣípààrọ̀. Lọ́rì oníigi kan ló bá wa gbé ẹrù náà wálé, lórí igi ìdáná ni wọ́n dì í mọ́, ẹni tó bá rí wa lójú ọ̀nà kò ní mọ èyí tó jẹ́ àga nínú ẹ̀.

Nígbà tí a já a sílẹ̀, agboolé jáde wá wò ó. Bàbá Lámídì, káfíńtà tó wà ní ìkọ̀rọ̀ títì, yí i ká, ó ní a kì bá tí wulẹ̀ fi lọ́rì gbé e wá, à bá ti sun ún níbẹ̀. Ẹnì kan bi wá bóyá adìẹ ibẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín bá wọn. Àfi bí ìdun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú oríkèé àga lójú gbogbo èèyàn, ni wọ́n bá sá sẹ́yìn, tí Ìyá Gbọ́lá sì ní, "Ìyá Sìkírá, ẹ ra àga, wọ́n fi ẹran ọ̀sìn ṣe ènì." Ọ̀rọ̀ yẹn lọ káàkiri. Fún ìgbà díẹ̀, bí mo bá ń lọ pọn omi, àwọn ọmọ á máa yún ara wọn bí mo bá ti ń kọjá. Ìyá mi ní kí n má bá ẹnikẹ́ni jà, kí n bá àwọn gbé omi ka iná. A da omi tó ń hó sí gbogbo oríkèé, a fi ìyẹ́ adìẹ ti kẹrosíìnì bọ gbogbo ihò, a gbé e sínú oòrùn, a tún ṣe é, a tún gbé e sínú oòrùn, títí tí a kò fi rí kòkòrò kankan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó wá bẹ̀rẹ̀. Ṣé o mọ ewé ìpín? Ó le, ojú ẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, òun la fi ń ha igbá kí bébà oníyanrìn tó dé. Oko ọ̀nà Ìjagun la ti ń já a, èmi àti Sìkírá, apẹ̀rẹ̀ kún. Bí a bá ti yan gaàrì tán, tí a jẹun tán, a ó jókòó ti àwọn àga náà, a ó máa ra á. Ewé kan kì í pẹ́ kó tó di jákujàku, a ó mú òmíràn. Ìdọ̀tí kọ́kọ́ bọ́, lẹ́yìn náà ọ̀dà àtijọ́, lẹ́yìn náà igi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ bọ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ìlà bí ojú omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ọmọ ìka mi bó. Mo fi hàn ìyá mi kí wọ́n lè ní kí n sinmi. Wọ́n wò ó, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n ní, "Fi ọwọ́ kejì ra á." Ìkà kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ní ọjọ́ náà, ẹran tó wà nínú ìkọ́kọrẹ́ wọn, inú abọ́ tèmi ni mo ti rí i. Wọn kì í jẹ́ kí a fojú fo abẹ́ àga. Sìkírá bi wọ́n nígbà kan pé ta ló máa wo ibẹ̀. Wọ́n ní kò kan ẹni tó máa wò ó, ẹni tó ń ṣe é ló kàn.

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ìṣó ni ìyá mi fi kàn án padà. Ẹsẹ̀ àga tí kò sí ńkọ́? Ọmọ odó wa àtijọ́ tó ti là lórí ni ìyá mi fi ṣe é. Wọ́n yá ayùn lọ́wọ́ Bàbá Lámídì, wọ́n gé e, wọ́n fi àdá fá a títí ó fi bá àwọn yòókù dọ́gba, wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n kàn án mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́, ó gùn jù. Ìgbà kejì, ó kúrú. Ìgbà kẹta, Bàbá Lámídì kúrò nídìí iṣẹ́ ẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wò, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló ta pọ́líìṣì fún ìyá mi, òun ló sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di òwú sínú aṣọ funfun, tí wọ́n á tì í bọ pọ́líìṣì, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọjá lójú igi láìdúró. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n ṣọ́: kí igi mọ́, kó sì gbẹ.

Ibí yìí ni àdín ti wá dá wa lóró. Ìyá Àgbà ti ń wò wá láti ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò lè bá wa ra ewé, nítorí ọwọ́ ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan kan fún ẹrù ọmọ ọmọ wọn. Nítorí náà, láràárọ̀, nígbà tí àwa bá ti lọ sí ọjà, wọ́n á mú àkísà àti àdín, wọ́n á fi pa gbogbo ara àga àti tábìlì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ọmọ lára. Àwa kò mọ̀. A kàn ń rò pé ìrókò ni ó dára tó bẹ́ẹ̀, tó ń dán fúnra ẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yìgì fẹ́ wọlé, ìyá mi gbé pọ́líìṣì jáde, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n fi pa á. Kò mú. Ó ń sá kiri lójú igi, ó ń pọ̀ síbì kan bí omi lórí ewé kókò. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Eruku gaàrì àti ìyẹ́ adìẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn, tábìlì náà dà bí nǹkan tó hu irùngbọ̀n.

Bàbá Lámídì wá, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka ẹ̀. Ó ní, "Ta ló fi àdín pa igi yìí?" Gbogbo wa yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà dìde nídìí ààrò, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní àwọn rò pé ó ń gbẹ ni. Ìyá mi kò bá wọn wí. Ìyá ọkọ wọn ni, ẹ̀rù Ìyá Àgbà sì máa ń ba ìyá mi díẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ọ̀tunla ni wọ́n sì máa so yìgì. Ìgbà náà ni Sìkírá, tí kì í sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká yá ti Ìyá Gbọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo máa lọ síbẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn." N kò ní gbàgbé bí ìyá mi ṣe gbójú sókè wò ó. Mo rò pé wọ́n máa gbà. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n gbà, ọmọ ìka mi ń dùn mí.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé e padà, ìwọ lo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò ní sí níbẹ̀ láti di ọwọ́ ẹ mú. Lọ gbé ọṣẹ dúdú wá."

A fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ ìkòkò ọbẹ̀. A gbé e sínú oòrùn. Ìyá mi kò ṣe gaàrì ní ọjọ́ wọ̀nyẹn rárá, iná ààrò wa kú, ohun tí a jẹ ni òjòjò, ewùrà díndín, tí àwọn aládùúgbò gbé wá. A bẹ̀rẹ̀ ewé ìpín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Gbọ́lá tí wọ́n ti ká ìró wọn sókè, tí wọ́n jókòó ti ẹsẹ̀ tábìlì, tí wọ́n ń ra á, tí wọ́n sì ń ṣépè fún igi ìrókò. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí igi gbẹ, pọ́líìṣì tó ṣẹ́kù kò ju èyí tó tó àga àti tábìlì lọ. Ó mú, ó sì tàn. Kọ́bọ́ọ̀dù kò rí nǹkan kan. Ìyá mi wò ó, wọ́n lọ pe Ìyá Àgbà, wọ́n ní, "Ìyá, èyí tiyín ni. Ẹ pa á bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n pa." Ìyá Àgbà fi àdín pa á, wọ́n nù ún, wọ́n tún pa á, wọ́n tún nù ún. Kò dán bí ti àga, ṣùgbọ́n ó dúdú mọ́lẹ̀ dáadáa, òórùn ẹ̀ sì ń ṣáájú ẹ̀ wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà mú agbádá kan jáde nínú àpótí wọn, sányán, tí bàbá mi máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Òun ni wọ́n fún wọn nígbà ogún. A ti ki òwú àràbà sínú tìmùtìmù, aṣọ tí a máa fi bò ó kù, èyí tí ìyá mi rà sì fẹ́lẹ́ bí aṣọ àlòkù. Ìyá Àgbà nà án sí wọn pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ìyá mi fà sẹ́yìn. Wọ́n ní báwo ni èèyàn ṣe máa jókòó lé aṣọ bàbá ẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Orí itan ẹ̀ ló ti ń jókòó láti kékeré. Gé e." Nígbà tí ìyá mi fi sísọ́ọ̀sì kan án, ọ̀kan nínú wọn mí kanlẹ̀, n kò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn títí dòní. Mo máa ń rò ó bí mo bá gba ibi tí wọ́n ń ta àga tòkunbọ̀ kọjá nísinsìnyí, tí mo rí i bí wọ́n ṣe kó wọn jọ síta, tí ẹnikẹ́ni kò mọ àwọn tó ti jókòó nínú wọn rí.

Wọ́n so yìgì, ó lọ wẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, a tò. Ìkòkò ni èmi rù. Bàbá Lámídì àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló gbé kọ́bọ́ọ̀dù, wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ìyá mi fúnra wọn ló ru àga elẹ́sẹ̀ ọmọ odó, wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíì rù ú. A gba gbangba ojú títì. Mo ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń dárúkọ ẹ̀: àga alápá, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ní ilé oníṣòwò aṣọ kò tíì tú o. Ọrùn ìyá mi le gbagidi lábẹ́ àga náà, wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì.

Ìyá ọkọ Sìkírá ń dúró dè wá níwájú ilé. Obìnrin tó tóbi ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà, gbogbo ọjà ló sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ ra aṣọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí wò. Wọ́n yí àwọn ẹrù náà ká. Wọ́n fọwọ́ kan tábìlì, wọ́n fọwọ́ kan tìmùtìmù. Wọ́n ní àga yìí dára, káfíńtà wo ló ṣe é? Kí ìyá mi tó lanu, Ìyá Gbọ́lá ti dá wọn lóhùn pé káfíńtà ńlá kan ní Ìbàdàn ni, pé àwọn ránṣẹ́ sí i ni. Wọ́n sì fa ìró ìyá mi lẹ́yìn, kí ìyá mi lè gbà á bẹ́ẹ̀. Sìkírá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìbòjú wà lórí ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un.

Ìyá mi ní, "Kò sí káfíńtà Ìbàdàn kankan. Àga àtijọ́ ni. Ìbẹfun la ti rí i, adìẹ ló ń yé sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹsẹ̀ àga yẹn, ọmọ odó ni. Aṣọ orí ẹ̀, agbádá bàbá ìyàwó ni. Àwa la tún un ṣe nínú ilé. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni máa wá gbé padà nínú ẹ̀."

 Mo ń gbọ́ bí ìkòkò orí mi ṣe ń kan ẹ̀ka ọsàn tó wà lókè mi.  Ìyá ọkọ di àga náà mú ní apá, wọ́n yí i dojú dé sórí ilẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yí aṣọ wò. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra abẹ́ ẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, jẹ́jẹ́. Wọ́n tún ra á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ní, "Ẹ ra abẹ́ ẹ̀ náà. Ta lẹ rò pé ó máa wo abẹ́ àga?"

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ló máa gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀."

Obìnrin náà gbé àga dúró padà, wọ́n jókòó lé e, pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe tóbi tó. Mo pa ojú mi dé. Àga kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé apá lé apá àga. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn ilé àwọn, tí ìyá àwọn fi sílẹ̀ fún àwọn, pé ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn káfíńtà sì ní kí àwọn sun ún. Wọ́n bi ìyá mi bóyá wọ́n lè bá àwọn wò ó.

Ìyá mi ní, "Màá wá wò ó. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ni màá gbà o. Kò sí ọ̀rọ̀ àna níbẹ̀."

Ìyá ọkọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga náà fi ń mì lábẹ́ wọn, Ìyá Gbọ́lá náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó mi," wọ́n ní, "máa bọ̀, wá sọ ibi tí o fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù ẹ sí."

Sìkírá tú ọwọ́ ẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó sì wọlé.